Súwẹ́tà Onífìlà Tí Mo Rà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọyẹ́ ọdún náà tètè dé sí ìlú wa, Ìṣẹ́. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ètè ti ń là, epo pupa ti dì sínú ìgò, omi àmù sì tutù débi pé eyín a máa ro ẹni tó bá mu ún láàárọ̀. Inú ìbẹ̀rù ni ilé wa máa ń wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ní àrùn síkúlà. Bí òtútù bá ti wọ̀ ọ́ lára, eegun rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìrora náà a sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti forúkọ sílẹ̀ láti ṣe ìdánwò ìṣirò, èyí tó kù kó yege nínú rẹ̀ kó tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àìsàn kò jẹ́ kó lọ. Ìgbà kẹta rèé, Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi í sí, àárọ̀ kùtù sì ni ìdánwò náà. Ẹ̀yìn máṣíìnì mi ni yóò jókòó sí nínú ọyẹ́ láti Ìṣẹ́ títí dé ibẹ̀.

Tíṣà ni mí nígbà náà, mo sì gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ tuntun lójú wa, ilé kọ̀ǹpútà tó wà ní Adó sì tún jẹ́ tuntun jù ú lọ. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní í-meèlì nínú àwa olùkọ́ ilé-ìwé wa, kò sì sí olùkọ́ kan tí n kò tíì sọ ọ́ fún. Níbẹ̀ ni mo ti bá oníṣòwò kan pàdé, ará Èkó tó ń fi àwòrán aṣọ òkèèrè ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kọ̀wé sí i. Ó fi àwòrán súwẹ́tà kan hàn mí, irú èyí tí wọ́n rán fìlà mọ́ lọ́rùn. Ọmọbìnrin òyìnbó kan wọ̀ ọ́, ó dúró sínú yìnyín, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ̀wé pa dà, mo ní kó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó ní ó lé ní kílò kan. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn lójú tèmi: aṣọ tó bá wúwo, ó nípọn, èyí tó bá nípọn, ó mú ooru. Ìṣirò sáà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ta ni yóò já mi ní koro?

Mo san owó rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí gáréèjì láti béèrè wéébíìlì lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, ojoojúmọ́ náà ni ọyẹ́ ń le sí i. Ọ̀túnla ni ìdánwò nígbà tí ẹrù náà dé. Mo gbé e wọlé, mo jù ú sí ìyá wa lẹ́sẹ̀ kó lè gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá wa jẹ́. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ òwú tó nípọn yẹn, lórí òfì tó fi ara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Owó kíjìpá ló fi rán mi níwèé. Ó gbé súwẹ́tà náà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Ó wúwo lóòótọ́," ni ó wí.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tẹ síìpù rẹ̀, tó tóbi bíi ti àpò ìrìnàjò. Ó tẹ àpò iwájú, tí wọ́n rán ní ìlọ́po mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló wá mú ẹ̀yìn aṣọ náà, ó fi bo ẹnu ara rẹ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ wá síwájú rẹ̀."

Mo gbé e síbẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn, èémí rẹ̀ sì bá mi ní àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa.

"Síìpù ló wúwo, àpò ló wúwo," ni ìyá wa wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí asẹ́. Òtútù yóò kàn gba ibẹ̀ kọjá ni."

"Màmá, aṣọ òyìnbó ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn yàtọ̀."

"Ùwọ tíṣà! Ṣé òyìnbó lo fẹ́ gbé sẹ́yìn máṣíìnì ni? Ulé yìí ni mo ti ń hun aṣọ kí n tó bí ọ."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo ti fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé rí, ṣùgbọ́n n kò rò pé èmi ni ó ń bá wí. Ìyá wa ṣí àpótí, ó mú kíjìpá kan jáde pé kí àbúrò mi fi bora lórí súwẹ́tà náà. Mo kọ̀. Nígbà náà, aṣọ oko àti aṣọ àwọn ìyá arúgbó ni kíjìpá lójú àwa tó kàwé. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, pé wọn yóò bi í bóyá ọ̀nà oko ló ń lọ. Àbúrò mi wo ìyá wa, ó wo èmi náà.

"Bọ̀ọ̀dá, èyí tí ẹ rà ni n ó wọ̀," ni ó wí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a gbéra bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Èmi wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ tí bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tó kú. A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn lẹ́yìn mi.

"Ṣé òtútù ń mú ọ?"

"Rárá o, Bọ̀ọ̀dá."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bí mo bá dúró, tí mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì fún un, ìyá mi ti borí mi nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, n kò ní purọ́. Àbúrò mi ń gbọ̀n lẹ́yìn mi, èmi ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jiyàn. Mo kàn ń sáré sí i, mo ń rò pé bí a bá tètè dé, ó ti tán. Ṣùgbọ́n bí máṣíìnì bá ṣe sáré tó ni òtútù náà ń le tó. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ìbàdí mi mú mọ́ ni mo tó dúró. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, mo gbé e wọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì pa á lára. Kùrukùrù bo àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ níwájú wa. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi pé ó ti tó, kí a máa lọ.

Ó wọlé, mo dúró síta. Kò pẹ́ rárá tí olùṣọ́ ìdánwò fi jáde, tó ń béèrè ta ló gbé ọmọbìnrin kan wá láti Ìṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ àti ìdáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní nìkan ni àbúrò mi kọ sórí ìwé kí ìrora eegun náà tó dé. Ọsibítù ni a gbà lọ tààrà, ó ń ké, ó di apá mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọlé.

Ìyá wa dé lọ́sàn-án. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n tó la ẹnu, àbúrò mi sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì: "N kò mu omi tó láti àná, Màmá. Ẹ̀bi mi ni." Ìyá wa wojú mi. Mo gbójú sílẹ̀. Títí ìyá wa fi lọ, n kò sọ pé ẹ̀bi mi ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àbúrò mi tó yege. Tíṣà ni òun náà báyìí ní Ẹmùré, ó ti bímọ méjì. Ní ọyẹ́ tó kọjá, ó fi àwòrán súwẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó fẹ́ rà á fún ọmọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé eléyìí nípọn?" N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo fẹ àwòrán náà títí tó fi di bàìbàì, mo wò ó bí ẹni tó ń wo ojú òkú. Nígbà tó yá, mo kọ̀wé sí i pé, "N kò mọ̀." Mo jókòó, mo ń wo ọ̀rọ̀ náà. Kò ṣòro láti sọ. Ká ní mo lè sọ ọ́ fún ìyá wa lọ́jọ́ tó fẹ́ atẹ́gùn gba ẹ̀yìn súwẹ́tà náà ni, àbúrò mi ì bá dáhùn ìbéèrè kejì.