Èènì Orí Họ́ọ̀dọ̀ọ̀gì

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síwájú pé mi ò jalè. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọdún méjì gbáko ni mo sì lò nínú kíláàsì kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní olè, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èènì. Àwọn tó ni oúnjẹ tí à ń tà ní pápá bọ́ọ̀lù yẹn ni kò mọ ìyàtọ̀.

Àwọn ọdún náíńtíìsì ni, nígbà tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó níṣẹ́ gidi ní Amẹ́ríkà ń so bípà, ẹ̀rọ kékeré tó ń han bí wọ́n bá ń wá èèyàn, mọ́ bẹ́líìtì. Èmi ò ní bípà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ibùdó rélùwéè New Carrollton ni mò ń ṣọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa wà ní District Heights, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń to káápẹ́ẹ̀tì sí rí, hítà ilé náà sì ti kú. Nígbà òtútù ọdún tó ṣáájú, wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dì gbagidi sínú ife. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fíkà dorí ife náà kodò kí ẹ̀kán kan tó jáde. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kó má bi í níṣojú mi.

Hítà tuntun wọ́n ju agbára wa lọ. Akápò wa, obìnrin kan tó ń ṣírò owó fún ìjọba àpapọ̀, tó sì kéré tó láti jẹ́ ọmọ mi, ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ó ní ní yunifásítì tí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ ní pápá bọ́ọ̀lù wọn máa ń fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìsọ̀. Àwọn ọmọ ìjọ á tajà láìgba owó oṣù. Bí sáà bọ́ọ̀lù bá parí, ilé iṣẹ́ náà á fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìpín nínú ohun tí ìsọ̀ rẹ̀ pa.

"Daddy, ẹ̀yin la fẹ́ fi ṣe olórí ìsọ̀," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ti tajà rí."

Lóòótọ́ ni. Mo ta bàtà ní Dùgbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mo ti ta bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì fún ọkùnrin kan rí, ó sì padà wá dúpẹ́.

Àwa mẹ́jọ la lọ. Nọ́ọ̀sì méjì wà nínú wa, ẹnjiníà kan láti Lake Arbor tí ilé rẹ̀ ní gáréèjì méjì, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó gboyè dókítà nínú ìmọ̀ ilẹ̀. Òun la ní kó máa yí sọ́séèjì. Họ́ọ̀dọ̀ọ̀gì la ń tà, búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ki sọ́séèjì sí láàárín, àti mínírà nínú ife bébà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Ó rí bí ẹyin. Mi ò bá wọn jà sí ìyẹn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ìsọ̀ jẹ́ ọkùnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan, gíga, oníwà tútù. Pops ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní pé kì í ṣe owó nìkan ni àwọn ń kà. Wọ́n ń ka búrẹ́dì, wọ́n ń ka ife. Èyí tí kò bá sí nílẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì sí, wọ́n á yọ ọ́ nínú ìpín ṣọ́ọ̀ṣì ní iye tí wọ́n ń tà á gan-an. Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí.

Nígbà tí wọ́n ṣí géètì, èrò wọlé. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, atẹ́gùn rẹ̀ á ṣí fìlà lórí mi. Oníbàárà mi àkọ́kọ́, òyìnbó àgbàlagbà kan, ra họ́ọ̀dọ̀ọ̀gì márùn-ún. Mo kó márùn-ún lé e lọ́wọ́, ọwọ́ mi sì fúnra rẹ̀ gbé ìkẹfà lé e.

"Mi ò sanwó mẹ́fà," ó ní.

"Mo mọ̀. O ra púpọ̀ lọ́wọ́ mi ni. Mo fi sí i fún ọ kí o lè tún padà wá."

Ó wò mí, ó wo họ́ọ̀dọ̀ọ̀gì, ó sì lọ. Kò pẹ́ tó fi kó gbogbo àwọn tó jókòó tì í wá. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré, ìlà wa ti kọjá ilé ìyàgbẹ́, ó ti ṣẹ́rí padà. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì ń wò wá bí ẹni tí a gba ìyàwó rẹ̀.

Akápò rọra fà mí láṣọ. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń ka búrẹ́dì o."

"Kí wọ́n máa kà á. Níbo lo ti rí ẹni tó ra márùn-ún tí wọn ò fi nǹkan kan sí i?"

"Ibí kọ́ ni Dùgbẹ̀, Daddy."

"Oníbàárà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ká sọ òótọ́, ní ọjọ́ yẹn, àṣìṣe ni. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan kan fún ọdún mọ́kànlá kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí owó ṣe ń rìn nínú ilé ńlá yẹn. Òyìnbó àgbàlagbà yẹn sọ fún mi pé lọ́dọọdún, òun ń san owó kan kí wọ́n tó gba òun láyè láti wá san owó ìjókòó òun. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwé kékeré kan wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ti yunifásítì sì lù wọ́n bí aṣọ òfì. Akápò ní wọ́n sanwó fún wọn ni kí wọ́n lè wá jẹ ìyà yẹn, pé owó náà ni ilé ìwé kékeré náà á fi ra ohun èlò. Mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe èmi, màá gba ìdajì iye yẹn, màá sì ṣubú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní owó tí wọ́n ń san fún kóòṣì yunifásítì náà ju ti gómìnà lọ. Èmi rí mọ́tò kóòṣì náà. Nígbà tí iwájú rẹ̀ ti dé New Carrollton, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń jáde ní géètì.

Ní eré kẹta, obìnrin dúdú kan wá síwájú ìsọ̀ wa. Ó wọ ẹ̀wù tí nọ́ńbà ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ka ṣénjì ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n fún òun ní ẹyọ kan. Mo yìn ín fún ẹ̀wù náà.

"Nọ́ńbà ọmọ mi ni," ó ní. "Òun ló ń sá lọ lọ́hùn-ún yẹn."

"Wọ́n fún yín ní ẹ̀wù náà ni?"

"Mo rà á." Ó dárúkọ iye rẹ̀. Owó iṣẹ́ mi fún odidi ọjọ́ kan ni.

"Wọ́n sì fún ọmọ yín nínú owó tí wọ́n ń pa lórí nọ́ńbà rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìwé ni wọ́n ń jẹ́ kó kà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin wọn ni pé kò gbọdọ̀ gba nǹkan mìíràn lórí bọ́ọ̀lù. Bí ẹnì kan bá ra oúnjẹ alẹ́ fún un báyìí, tí wọ́n sì gbọ́, wọ́n lè ní kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́."

Mo fún un ní ẹyọ kan tó sanwó rẹ̀, mo fi mẹ́ta lé e, mo sì pọn mínírà ńlá kan tẹ̀ lé e. Akápò rí mi. Títí di ìgbà yẹn, ọwọ́ mi ló ń fi èènì sí i. Láti ọjọ́ náà, èmi gan-an ni.

Nígbà tí sáà parí, ọ̀gá ìsọ̀ pè wá. Búrẹ́dì tó dín kún ojú ìwé kan dẹ́nu. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó wà lókè ní àwọn ò ní kọ sọ̀wédowó ṣọ́ọ̀ṣì àyàfi tí olórí ìsọ̀ bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan pé wọ́n jí ẹrù kó lábẹ́ òun.

Mo ní mi ò fọwọ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pàdé lórí ọ̀rọ̀ mi. Kóòtù wà lọ́rùn gbogbo wa nínú ilé, èéfín ń jáde lẹ́nu ẹni tó bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ kàn fọwọ́ sí i," Fíkà ní. "Ìwé lásán ni."

"Bó bá jẹ́ ìwé lásán ni, Fíkà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Ẹnjiníà ti Lake Arbor ní ṣé nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe máa gbọ̀n nínú ilé Ọlọ́run. Ìyẹn dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Nígbà tí a ń lọ sílé, ìyàwó mi ní, "Orí kunkun yín yìí, ká ní ó ń mú ooru wá ni, à bá má wá hítà kiri."

Èmi àti akápò la jọ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ìsọ̀ na fọ́ọ̀mù sí mi.

"Pops, fọwọ́ sí i ká máa lọ sílé."

"Ẹ yọ owó yín. Mi ò bẹ̀ yín lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fún àwọn èèyàn ni."

"Kò sí àpótí tí èèyàn lè fa ìlà sí fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù."

Mo ní kí akápò kà á fún mi. Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ó bàjẹ́, ó já bọ́, wọ́n jí i. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ ìyà, tí èèyàn ti ń sanwó kó lè rí àyè sanwó, wọn ò ní àpótí kankan fún ohun tí a fún èèyàn. Mo gba bírò. Mo ya àpótí kẹrin sábẹ́ rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, mo sì ní kí akápò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òyìnbó pé a fún wọn. Ó wojú mi, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà. Mo fa ìlà sínú àpótí náà, mo fọwọ́ sí i.

"Wọn ò ní gbà á lókè," ọ̀gá ìsọ̀ ní.

"Wọ́n mọ ibi tí mò ń gbé."

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìdajì ẹnu ni ìjọ fi ń kí mi. Lẹ́yìn náà ni sọ̀wédowó dé. Wọ́n ti yọ owó gbogbo búrẹ́dì àti gbogbo ife, wọn ò dín sẹ́ńtì kan. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ní àwọn ò ní nílò wa mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bi akápò bóyá èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó ní ìsọ̀ wa tà ju gbogbo ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa lọ, nítorí náà, òun ò lè sọ bóyá láìsí èènì à bá rí ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí à bá má rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò owó fún ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Owó náà kò tó ra hítà tí a fẹ́. Kékeré la rà, ìdajì iwájú ilé nìkan ló sì ń dé. Ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, aago mẹ́jọ ni àwọn èèyàn ti ń du ìjókòó iwájú, àwọn tí kì í dé kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Fíkà ní ó ṣeé ṣe kí Bàbá ní ọ̀rọ̀ ṣókí kan tó fẹ́ bá ìjọ sọ. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbọ́.

Mo dìde láti ìlà tó kẹ́yìn pátápátá. Mo kí àwọn tó wà níwájú kú ooru. Mo tún jókòó, kóòtù méjì lọ́rùn mi, mo sì dé fìlà mi bo etí. Ìyàwó mi ní kí n máa bọ̀ níwájú, òun ti bá mi gba àyè. Mo ní ibi tí mo wà dára. Títí di ìgbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún náà, ìlà yẹn ni mo jókòó sí, mi ò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.