Bẹ́líìtì Tó Wà Nínú Fọ́tò Láti Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kì í tán nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Oníṣẹ́ awọ ni wọ́n. Wọ́n ń rán báàgì, bẹ́líìtì àti ìrọ̀rí, wọ́n sì gbé rédíò kan sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo gọ́ọ̀mù. Bí ìròyìn bá ti parí, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lẹ kọ́kọ́ ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú onílùú. Àwọn tó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti ń bá Amẹ́ríkà yan ààrẹ kí wọ́n tó bí àwọn bàbá yín.

Àwa ní ìdí tiwa tí a fi ń tẹ́tí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, wà ní yunifásítì lọ́hùn-ún. Lásìkò yẹn, Amẹ́ríkà ń jagun ní ilẹ̀ òkèèrè, òfin wọn sì ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ sójà, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ohun tó ń ba ìyá mi lẹ́rù ni pé kí wọ́n má mú ọmọ wọn.

Alfáà àdúgbò wa máa ń yà wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Èrò tiwọn ni pé kò sí ìjọba tó lójútì tó máa rán àlejò lọ sógun. Wọ́n ní, "Ẹni tó wá ta àlùbọ́sà ní Sábó, ṣé a máa ní kó lọ bá wa jagun?"

Ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbà. "Alfáà, òyìnbó kì í wojú àlejò. Wọ́n ti ń kó wọn lọ."

Bàbá mi bi í pé, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ ọ́, Bàbá."

"Ọjà Igbó ti dé Amẹ́ríkà rí?"

Ìyá mi kì í dá sí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀rọ̀: "Ìlú tí wọn ò ti jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó síbi tó wù ú, tí wọ́n wá fi ìbọn lé e lọ́wọ́ pé kó lọ jà fáwọn. Ẹ bá mi wá ìtumọ̀ ẹ̀." Kò sẹ́ni tó rí i wá. Èmi náà ti kàwé, mo ti kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni awakọ̀ yìí mú àpò ìwé kan dé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé ló fi rán an sí wa. Fọ́tò nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ṣánṣán nínú kóòtù tó ní bọ́tìnnì wúrà, okùn aláràbarà wà léjìká, fìlà wà lórí. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kò ju pé, "Ẹ máa retí lẹ́tà mi."

Awakọ̀ náà mirí. "Mo sọ ọ́."

Ìyá mi jókòó lé orí awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Wọ́n ní kí bàbá mi fi wáyà ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ọmọ àwọn máa bọ̀ wálé. Awakọ̀ ní òun á gbé bàbá mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi lè padà dé, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọdún kan péré ló kù fún wọn.

Bàbá mi fọ ọwọ́, wọ́n mú fọ́tò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ wo bẹ́líìtì yìí. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti ti ogun Bọ́mà dé ni mo ti ń tún bẹ́líìtì sójà ṣe. Ó máa ń fẹ̀, ó nípọn, ó níhò tí wọ́n fi ń kọ́ nǹkan. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn báàgì obìnrin. Ẹ wo bàtà náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wọ irú èyí rìn."

"Bàbá, ṣé bàtà lẹ fẹ́ fi mọ òfin Amẹ́ríkà?"

"Rárá. Mi ò mọ òfin wọn. Bàtà ni mo mọ̀. Ìwọ ò mọ ìkankan nínú méjèèjì."

Awakọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. "Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ṣì í ńkọ́?"

"Fún mi di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ìyá wọn. Bí lẹ́tà ò bá dé, èmi fúnra mi ni màá lọ fi wáyà ránṣẹ́."

Ọjọ́rú ni lẹ́tà dé, èmi ni mo sì kà á. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn nírọ̀lẹ́, òtẹ́ẹ̀lì ló ni aṣọ náà. Wọ́n tún ṣàlàyé pé òfin ológun ibẹ̀ ń mú ọmọ ìlú àtàwọn tó kó wá láti máa gbébẹ̀, kò mú ẹni tó kàn wá kàwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi ní kí n ka ibẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Alfáà ní, "Mo sọ pé wọ́n lójútì."

Bàbá mi ní, "Ní ti àlejò ni o. Ìbéèrè ìyá wọn ṣì wà nílẹ̀."

Ayé ti yí padà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé báyìí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti darúgbó sí Amẹ́ríkà. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù wá pé Amẹ́ríkà fẹ́ lé gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tó wà lọ́hùn-ún wálé, àtẹni tó níwèé àtẹni tí kò ní. Ọjà Igbó ń sọ ọ́ bákan náà. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti rí i. Wọn ò mọ̀. Àyà mi já díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ní, "Ṣé o ti wo bẹ́líìtì ẹ̀?"

Ìwé wọn pé. Tòmátò ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń bomi rin nígbà tí mo pè. Irú ẹ̀rù tó bá wa gbé fún bí ọ̀sẹ̀ kan láyé ọjọ́un, lọ́tẹ̀ yìí kó tó dé ìdajì wákàtí, ó ti kúrò. Fóònù kan náà tó gbé e wá ló gbé e lọ.

Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ mi. Bí ẹ bá yà kí mi, ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì àti bàtà kí ẹ tó wo bọ́tìnnì.