Àtàǹpàkò Lára Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ẹ fún Bàbá Tẹ̀ka ní omi mu, á kọ́kọ́ wo omi, á wo ojú yín, á tún padà wo omi. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sí ọ́fíìsì kan tó ń gba àmì ìka lọ́wọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orúkọ òkú gba owó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tẹ̀ka. Ó ti rí géńdé ọkùnrin tó wá tẹ̀ka lórúkọ ìyá ìyá ẹ̀, tó tún ń búra pé òun gan-an nìyẹn. Ta ló fẹ́ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó fọkàn tán ènìyàn?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀ bó yánnayànna, kò gbé e lọ sọ́dọ̀ akunkọ̀. Kí wọ́n lè rí ààyè yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tà? Ó tì o! Ó ra sáńpépà, ó ra ọ̀dà alágolo, ó ti ọkọ̀ sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń ha á, tó ń fi omi fọ̀ ọ́, tó ń fín ọ̀dà sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, ó fín èyí tó kẹ́yìn, kílíà, ọ̀dà tí kò láwọ̀ tó ń mú kí ara ọkọ̀ máa dán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fín in, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má bàa ṣàn. Bó ṣe ń ṣe é ló ń súfèé. Ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ó lọ jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló bá ojú àtàǹpàkò láàárín ilẹ̀kùn gan-an, ó rì wọnú ọ̀dà, ó yí po roboto bí ìkarahun ìgbín.

"Yé è! Wọ́n ti pa mí!" Ó mú gíláàsì tó ń sọ kékeré di ńlá, ó tẹjú mọ́ ọn. Ìka àgbàlagbà ni. Géètì wà ní títì láti àná, ẹni mẹ́ta péré ló sì wà nínú ọgbà náà: òun, ìyàwó ẹ̀ tó ń ránṣọ, àti onígbàjámọ̀ tó háyà yàrá iwájú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

"Ẹni tó bá ni àtàǹpàkò yìí," ló bá pariwo, "á kẹ́rù ẹ̀ kúrò nílé mi lónìí! Mi ò bá ọ̀tá gbélé!"

Onígbàjámọ̀ jáde tòun ti kọ́ọ̀mù. "Bàbá, ṣé kì í ṣe èmi lẹ ń bá wí?"

"Ìwọ kọ́ lo ní kí n jẹ́ kí àbúrò ẹ tó jẹ́ akunkọ̀ bá mi kùn ún? Inú ẹ ò dùn pé mo kọ̀. Mú àtàǹpàkò wá."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó tẹ méjèèjì sórí ìwé. Kò jọra rárá. Bàbá Tẹ̀ka tẹ tiẹ̀ náà, torí ìfura ò mojú ara ẹni. Òun náà kọ́.

"Ó ku Màámi nìyẹn," ni onígbàjámọ̀ wí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá Tẹ̀ka ti ń fura sí ìyàwó ẹ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tí kò wakọ̀ mọ́, ó ní orúnkún ń dun òun. Bó bá sì wọlé bá a nídìí máṣíìnì, ṣe ni á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á máa ṣe bí ẹni ń sinmi. Kí ló ń fi pa mọ́? Kí ni òun ṣe fún un tó fi fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́? Ìfura loògùn àgbà. Ó gbé yíǹkì, ó gbé ìwé, ó fi bírò ya igun mẹ́rin kékeré sórí ìwé náà bó ṣe máa ń ṣe ní ọ́fíìsì, ó gbé e ka iwájú ìyàwó ẹ̀.

"Tẹ̀ka síbẹ̀."

"Èmi? Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

"Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà kan yíǹkì, ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà rìn káàkiri díẹ̀, ó wá tẹ àtàǹpàkò mọ́ aṣọ tábìlì. Ìwé náà jìnnà sí i tó ìbú ọwọ́.

"Ṣé ó ti tó?" ló bi í.

Bàbá Tẹ̀ka wo àmì tó wà lára aṣọ tábìlì. Ó mọ àwọn tó máa ń tẹ̀ ẹ́ síta ìwé. Ní ọ́fíìsì, ṣe ni wọ́n máa ń bá wọn di ọwọ́ mú.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó bí oṣù márùn-ún. Èmi náà ni mo fi ọkọ̀ ha òpó tí ilẹ̀kùn ẹ̀ fi bó. Mi ò rí òpó."

"O ò sì lè sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ ní mò ń díbọ́n? Ta lẹ gbà gbọ́ rí?" Omi lé sí i lójú. "Mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń súfèé lánàá. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti súfèé kẹ́yìn. Mo ní kí n lọ wo iṣẹ́ yín. Nígbà tí ojú ò rí i, mo fọwọ́ wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun.

Onígbàjámọ̀ yọjú. "Bàbá, ẹ ti mú ọ̀daràn ọ̀hún?"

Bàbá Tẹ̀ka fi ọwọ́ tiẹ̀ bo ọwọ́ oníyíǹkì ìyàwó ẹ̀. "Mo ti mú un. Èmi ni."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi dé iwájú oníbàárà ẹ̀. Kó máa rín in.

"Ẹ parọ́," ni obìnrin náà wí.

"Mo parọ́. Dìde, dókítà ojú là ń lọ."

"Ọ̀dà yín ò tíì gbẹ."

"Kó má gbẹ."

Ó dì í mú dé ìdí ọkọ̀, ó gbé e jókòó, ó fi odindi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn pa, láàárín ibi tó tutù jù, ó ṣíná sí ọkọ̀, wọ́n sì lọ.