Baba Maeng Ru Ọta Ìbọn Gòkè, Wọ́n Ní Kì Í Ṣe Ṣọ́jà

Baba Maeng Samduk kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń lọ ata, níhìn-ín ní Dolmoru. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni. Ìwé ìjọba ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Ọdún márùn-ún tó wà láàárín méjèèjì yẹn ló pa Baba, kì í ṣe àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí dókítà kọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, mo wà nílé.

Ẹ̀yin àgbà ìlú yìí ṣáà mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà tí wọ́n bí i, ta ló ń sáré lọ kọ orúkọ ìkókó sílẹ̀? Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí ìkẹrin dé, bàbá rẹ̀ ní ká ní sùúrù ná, ká wò ó bóyá èyí yóò dúró. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wò ó. Ọjọ́ kan tí bàbá ń lọ sí ọjà màlúù ló tó ya ọ́fíìsì, ó ní òun bí ọmọkùnrin kan, akọ̀wé sì kọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n bí i. Ẹranko la fi ń pe ọdún níbí: bí ọmọ ọdún Ajá ṣe di ọmọ ọdún Ehoro nìyẹn. Ilé wo nirú ẹ̀ ò ti ṣẹlẹ̀? Èmi tí mò ń kọ èyí, ọdún kan gbáko ni wọ́n fi pẹ́ kọ tèmi.

Nígbà tí ogun dé, Samduk ti pé mẹ́tàdínlógún. Wọ́n kó òun àti àwọn ọkùnrin abúlé lọ. Wọn ò fún wọn níbọn, wọn ò fún wọn ní nọ́ńbà ológun. Jige, férémù onígi tí wọ́n fi ń ru igi ìdáná lẹ́yìn láti oko, ni wọ́n ní kí kálukú gbé wá. Wọ́n di ọta ìbọn àti ìrẹsì mọ́ ọn, ó di orí òkè. Bí wọ́n bá ru ọta gòkè, èèyàn ni wọ́n ń rù sọ̀ kalẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé báwo ló ṣe rí.

"Òkú ò ṣòro láti rù," ó ní. "Ẹni tó fara gbọgbẹ́ ló ṣòro. Etí ẹ ló ti máa ń pe ìyá ẹ̀."

Ẹ má rò pé oníbànújẹ́ èèyàn ni o. Ẹlẹ́fẹ̀ ni! Bí mo bá ń kọjá, á nahùn pè mí: "Akọ̀wé, ṣé ìwé ìròyìn ẹ yẹn ṣì ń jáde? Ó kúkú dáa fún dídi ẹja." Ohun kan ṣoṣo ni kì í fi ṣeré. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sáàárín àwọn tó jagun, kí àsíá sì bo pósí òun lọ́jọ́ tí òun bá kú. Gbogbo ohun tó béèrè lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, tí a bá ń rántí àwọn tó kú sógun, ta ni ìjọba àgbègbè wa ń wá lọ sílé? Baba Maeng ni. Wọ́n á gbé jige kọ́ arúgbó lẹ́yìn, wọ́n á ní kó rìn níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. "Ẹ̀yin ọmọ, akọni wa rèé, ẹ pàtẹ́wọ́!" Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì àgbègbè bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nínú ilé kan náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kì í ṣe ṣọ́jà.

Lọ́jọ́ tó kú, Okbun ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Tak tó wà nídìí ìwé àwọn ológun àtijọ́. Mo tẹ̀ lé e lọ.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, àsíá pósí ni mo wá gbà. Ọ̀tunla la ń sìnkú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Àmọ́ ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá yín nígbà ogun. Ọmọ méjìlá ò lè ru irú ẹrù yẹn."

"Àwòrán ẹ̀ ńkọ́, tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri nísàlẹ̀?"

"Àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ló lẹ ìyẹn, mà. Kì í ṣe àwa."

Ẹ gbà mí o! Ṣé orí kan náà kọ́ ló wà lọ́rùn gbogbo wọn ni?

Wọ́n ti sọ fún Baba nígbà kan pé kó mú ẹlẹ́rìí wá. Ó mú Baba Pyo Gwanho lọ, tí wọ́n jọ ru ẹrù lórí òkè kan náà. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣọ́jà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Orúkọ Baba Pyo ò sí níbẹ̀, nítorí òun náà ò ní nọ́ńbà. Ta sì ni ẹlẹ́rìí Baba Pyo? Baba Maeng ni. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Ọdún mọ́kànlá ni àwọn arúgbó méjèèjì fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ jẹ́rìí fún ara wọn. Tí wọ́n bá ti lé wọn, wọ́n á yà jẹ núdù.

"Samduk, wọ́n ní n ò sí," Baba Pyo á wí.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò sí. Ta ló wá ń jẹ núdù yìí?"

Lọ́jọ́ kejì, tí a kò tíì sìnkú, òdòdó dé láti ọ́fíìsì àgbègbè, ó ga ju èèyàn lọ, orúkọ ọ̀gá wọn gàdàgbà lára ribọ́ọ̀nù rẹ̀. Ìyá Okbun, ìyàwó olóògbé, dìde, ó yí ojú òdòdó náà sí ògiri.

"Àsíá la ní kí wọ́n mú wá," ó ní, "wọ́n ń gbé koríko bọ̀."

Aládùúgbò kan ní kí òun sáré ra àsíá ní ṣọ́ọ̀bù, ta ló máa mọ̀? Ìyá ní rárá. "Ọkọ mi ò gba ohun tí wọn ò fún un rí. Kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí." Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, pósí náà jáde láìní àsíá, igi ṣákálá. Mo sunkún, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Tak, ẹ lọ bi ìyá yín léèrè ọdún tí wọ́n bí bàbá-bàbá yín gan-an, kẹ́ ẹ wá fi èsì rẹ̀ wé ìwé. Ẹ̀yin ọ̀gá rẹ̀, mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ṣe òfin pé kí ẹni tí a kò kọ sílẹ̀ lọ wá ẹni tí a kọ sílẹ̀ wá jẹ́rìí. Mo fẹ́ kí ẹ gbé àsíá wá fún Ìyá Okbun kó tó di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí a máa ń ṣe ìdágbére ìkẹyìn fún òkú, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo ìlú.

Lẹ́bàá sàréè, Baba Pyo fà mí láṣọ láti orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló máa wá jẹ́rìí sí tèmi báyìí?"

Ẹ̀yin ọ̀gá ní ọ́fíìsì àgbègbè, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní èsì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn afárá ló wà, yàrá kẹrin. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tó ṣì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé tó jẹ́rìí pé òun náà jagun.