Ṣíà Tí Kasílídà Yan

Lórí òkè gbígbẹ àwọn ẹ̀yà Kàwíyà, níbi tí òjò ti ń ṣahun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ṣíà, ewéko tí wọ́n ń jẹ hóró rẹ̀, ń hù. Á yọ òdòdó búlúù, á so, á kú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀gbẹ́ òkè tirẹ̀, ẹni tó bá sì lọ kórè tẹlòmíì, olè ni.

Ọwọ́ Kasílídà yá nídìí iṣẹ́ yìí. Bó bá ti ń na orí òdòdó gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni hóró ń dà sínú agbọ̀n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ọdún méjì ló ti ń bá Pẹtírà ìyàwó àbúrò rẹ̀ yodì, torí ó sọ lójú èrò pé agbọ̀n tí Pẹtírà ń hun ń jò.

Lọ́jọ́ kan, àlejò dé bá a. Ó sáré bu ṣíà sínú agbọ̀n, ó da ẹyin iná lé e láti yan án, ó ń jù ú sókè kí agbọ̀n má baà jó. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mómi, àwọn àlejò mu ún, wọ́n yìn ín. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló tó rí i pé ìkòkò irúgbìn lòun bù tán. Bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti dáná sun ẹ̀gbẹ́ òkè wọn bí wọ́n ti ń ṣe lẹ́yìn ìkórè, irúgbìn nìkan ló kù tí wọn ó wọ́n sórí eérú. Bí wọn ò bá sì wọ́n ọn, èpò ni yóò gba ilẹ̀ náà.

“Àwọn àlejò yẹn mà jẹun o,” ni Ambúrósíò ọkọ rẹ̀ wí. “Tàmọ́dún ni wọ́n jẹ lọ yẹn.”

“Bàbá Rúfínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Ta ló tún ní ṣíà tí iná ò tíì kàn nílùú yìí?”

“Ẹ mọ ẹni náà. Ẹ fẹ́ kí n fẹnu ara mi pè é ni.”

Ojú tì í gan-an, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó bá Pẹtírà tó ń hun agbọ̀n níwájú ilé rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ṣé ẹ wá wò bóyá ó ṣì ń jò ni?”

“Mo ti yan irúgbìn mi jẹ. Bá mi wá ìkúnwọ́ kan.”

Pẹtírà wọlé, ó gbé odindi ìkòkò jáde. Kasílídà bù ú sọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ìyàwó wa, òkè tìrẹ kì í so tó báyìí.”

Pẹtírà tẹjú mọ́ agbọ̀n rẹ̀. “Kì í ṣe tòkè mi.”

“Tibo wá ni?”

“Tiyín ni, àǹtí. Láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tó jí.”

Inú bí Kasílídà, ó la ẹnu láti bú u, ẹ̀rín ló jáde. Bí obìnrin yìí bá jẹ́ olóòótọ́ ni, òkè òun ì bá ti di ti èpò. Ó jókòó tì í.

“Lámọ́dún,” ló wí, “jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kóo tó wá. Òkúta pọ̀ níbẹ̀, o lè ṣubú.”