Ilẹ̀kùn Méjì Inú Kọ̀ǹpútà Wọn

Àkànní Erin, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ewìrì ń jí láàárọ̀, ọmọ a-lu-irin-bí-ẹni-ń-gúnyán, bàbá àwọn ọmọ mi, ti fi wá sílẹ̀. Ọkọ mi ló gbé kọ̀ǹpútà kan sí basement, yàrá abẹ́ ilé wa ní Saddle Ridge ní Canada níbí, tí wọ́n pín in sí ilé méjì.

Bí wọ́n bá ti tàn án, ojú rẹ̀ á dúdú, ìlà méjì á jáde. Windows lókè: ibẹ̀ ni tax, ìwé PR tá a fi ń gbé ìlú, gbogbo wàhálà Canada. Linux nísàlẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ń gba ohùn tiwọn sílẹ̀ sí. Téèyàn ò bá tètè mú ọ̀kan, ẹ̀rọ yẹn á gbé e lọ sí ti Canada fúnra rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Àṣàkẹ́, bí àwa náà ṣe débí nìyẹn."

Lẹ́yìn tí wọ́n kú, àkọ́bí wa, tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun níléeṣẹ́ epo, sọ̀kalẹ̀ lọ wá oríkì bàbá rẹ̀ tí pásítọ̀ ní ká tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú; ó rò pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Windows ní òun fẹ́ update, ọmọ mi ní kó ṣe é. Nígbà tó máa parí, ìlà méjì ò jáde mọ́. Canada nìkan ló kù.

"Mummy, kò sí nǹkan kan níbí o. Ẹ jẹ́ kí n clear ẹ̀, kọ́mọ mi máa lò ó for school."

Orí mi ni oríkì yẹn wà látọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn. N ò wí. Bí mo bá wí, ó máa nu ẹ̀rọ yẹn mọ́, ohùn ọkọ mi á bá a lọ.

"Inú ẹ̀ ló wà," mo ní. "Yàrá ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn lo yọ."

Mo lọ mú flash tí bàbá rẹ̀ fi ń tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, tí wọ́n so òwú pupa mọ́, nínú agolo ṣúgà. "Èyí kọ́ nìgbà àkọ́kọ́ tí update máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ki èyí bọ̀ ọ́, pa á, tún un tàn, kó o máa tẹ F12 kó lè gba ara flash wọlé."

"Ah-ah! Mummy, ta ló kọ́ yín?"

"Tíì ni mo máa ń gbé wá fún wọn. Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ó fara balẹ̀ ṣe ìyókù bí ọmọ tó ń ṣèdánwò. Ìlà méjì tún jáde. A wọ ti ìsàlẹ̀. Kò sí oríkì níbẹ̀ rárá. Ohùn wọn ló wà níbẹ̀: "Àṣàkẹ́, tíì yìí mà ti tutù. Wá jókòó tì mí."

Mo ní kó tún ohùn yẹn fi sí i kí n gbọ́. Ó tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń ki oríkì látorí, tó ń tẹ̀ ẹ́.

"So, ẹ mọ̀ ọ́n all this while?"

"Kọ̀ǹpútà lo bi. O ò bi mí."

Ó kà á létí ibojì, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀. Sátidé la sin wọ́n.