Ọta tí Kì í Jáde

Tí mo bá rí ẹni tó ń fi ìka yí nǹkan kékeré ní àtẹ́lẹwọ́, bàbá onílé wa ní Ifako ni mo máa ń rántí. Ọta ìbọn ni tiwọn. Ẹ kí wọn "Ẹ káàárọ̀, sà," ọ̀rọ̀ ọta ni wọ́n á fi dáhùn: "Èyí, ihò wà lórí ẹ̀. Tó bá ti wọnú ẹran, ibẹ̀ ló máa fọ́ sí. Kì í jáde!"

Ẹran wo? Àwọn òkété tó ń jẹ èérún bisikíìtì láti iléeṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n rí ọ̀kan pa, ìrù nìkan ló ṣẹ́kù tí wọ́n mú wálé. Ìyàwó wọn ti gbé ìkòkò kaná. "Ẹran wá dà?" Bàbá ní, "Ṣé o ò rí iṣẹ́ ọta ni?" Iṣẹ́ òfo! Èmi tí mò ń dẹ pańpẹ́, odindi òkété ni mò ń jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òkété kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi kún kí wọ́n tó múná lọ. Bàbá pe gbogbo ayálégbé wá wòran. Bàbá yìnbọn. Òkété bá tiẹ̀ lọ, táǹkì ló gbọta. Àwa ń sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, bàbá ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn táǹkì kiri, inú wọn ń dùn: "Ṣé ẹ rí ihò kejì? Mo ṣáà sọ fún yín pé kì í jáde!"

Òótọ́ ni, ọta ò jáde. Omi wa ló jáde.